Òkè Síílìn: Ibi tí Iná Ń Fara Pamọ́ Sí

Ní ìlú Edgewater, ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, ilé ńlá kan wà létí odò Hudson tó kọjú sí Manhattan. Igi ni wọ́n fi gbé egungun ilé náà ró, ayálégbé ló kún inú rẹ̀, wọ́n sì ti ri ẹ̀rọ afọ́nmipaná mọ́ síílìn àwọn fúláàtì rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kínní ọdún 2015, àwọn òṣìṣẹ́ kan ń tún páìpù omi ṣe níbẹ̀. Wọ́n tan iná gáàsì tí wọ́n fi ń jó páìpù pọ̀, iná sì ràn mọ́ igi inú ògiri. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ pa á fúnra wọn, wọn ò tètè ké sí panápaná. Nígbà tí panápaná máa fi dé, iná ti gba inú ògiri gun òkè, ó ti dé abẹ́ òrùlé, ó sì ń lọ láti ìkángun kan sí ìkejì. Fúláàtì 240 ló bá iná náà lọ. Ọpẹ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò kú.

Ilé tó ní ẹ̀rọ afọ́nmipaná ni o. Báwo ló ṣe wá jóná tó bẹ́ẹ̀? Omi wà níbi tí èèyàn ń gbé, iná sì gba ibi tí èèyàn kì í gbé. Inú ògiri kò ní omi, òkè síílìn lábẹ́ òrùlé náà kò ní. Kì í ṣe pé ẹnì kan jí páìpù ibẹ̀ gbé. Ìlànà tí wọ́n fi kọ́ ilé náà ló gbà bẹ́ẹ̀.

Àwọn àlàfo wọ̀nyí ni mo fẹ́ ká gbé yẹ̀ wò. Ilé tí kò ní èyíkéyìí nínú wọn kò wọ́pọ̀: àyè tó wà láàárín síílìn àti àjà tó wà lókè rẹ̀, abẹ́ òrùlé, inú ògiri onípákó tó ní ihò, ihò gbọọrọ tí páìpù àti wáyà ń gbà láti ìsàlẹ̀ dókè, abẹ́ àtẹ̀gùn tí wọ́n fi pákó bò, abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n gbé sókè ní ọ́fíìsì kí wáyà kọ̀ǹpútà lè rí ibi gbà. Onílé kì í rí wọn. Àwọn tó ń rí wọn ni káfíńtà, oníṣẹ́ iná mànàmáná àti púlọ́ḿbà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á dé e padà, wọ́n á sì gba owó wọn lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ẹ̀rọ afọ́nmipaná ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá. Bí ẹ bá gbójú sókè ní ilé ìtura ńlá tàbí ní ilé ìtajà ìgbàlódé, ẹ óò rí irin kékeré kan tó yọ orí jáde lára síílìn. Ìgò kékeré tínrín kan wà láàárín rẹ̀, omi aláwọ̀ sì wà nínú ìgò náà. Ìgò yìí ló dí ẹnu páìpù pa. Bí ooru bá dé ìwọ̀n kan, omi inú rẹ̀ á wú, ìgò á fọ́, omi páìpù á sì já jáde, á gbá irin pẹlẹbẹ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, á fọ́n ká. Àwọ̀ omi náà ló ń sọ ìwọ̀n ooru tí ìgò máa fi fọ́: èyí tó pupa á fọ́ ní dígírì 68 Celsius, aláwọ̀ ewé á dúró dìgbà tó bá di dígírì 93. Orí kọ̀ọ̀kan ló ń dá ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Èyí tí a máa ń rí nínú fíìmù, tí gbogbo rẹ̀ ń da omi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà torí èéfín sìgá, kì í ṣe òótọ́. Èéfín kò kàn án, ooru ló mọ̀. Àmọ́ orí kan tàbí méjì tó bá tètè ṣí lè dá iná dúró kí panápaná tó gbéra.

Ẹ wá wo ọ̀nà tí ooru ń gbà. Ooru a máa gòkè, á kóra jọ sábẹ́ síílìn, á sì kan ìgò náà. Ṣùgbọ́n bí iná bá ti òkè síílìn bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Síílìn fúnra rẹ̀ á dáàbò bo ìgò lọ́wọ́ ooru. Iná á máa jó ní ẹsẹ̀ bàtà kan sí ẹ̀rọ tó yẹ kó pa á, ẹ̀rọ náà kò sì ní mọ̀. Ìsàlẹ̀ ló dojú kọ, ìsàlẹ̀ náà ló ń fọ́n omi sí. Ìgbà tí síílìn bá já lulẹ̀ ni yóò tó mọ̀, iná tó bá sì ti jó títí tó fi já síílìn lulẹ̀ ti ju agbára orí kan tàbí méjì lọ.

Àwọn tó ṣe òfin mọ èyí láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọdún 1874 ni Henry Parmelee gba ẹ̀tọ́ ẹ̀rọ afọ́nmipaná rẹ̀ ní New Haven, torí àtidáàbò bo iléeṣẹ́ dùùrù rẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ náà fi tàn kálẹ̀, tí olúkúlùkù sì ń ri páìpù bó ṣe wù ú. Ìlànà mẹ́sàn-án tó yàtọ̀ síra gan-an ló wà láàárín ọgọ́rùn-ún máìlì sí Boston nìkan. Ìdàrúdàpọ̀ yìí ló mú kí àwọn onímọ̀ àti àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò kóra jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ NFPA sílẹ̀ ní ọdún 1896, wọ́n sì kọ ìlànà kan ṣoṣo tí gbogbo èèyàn yóò máa tẹ̀ lé. Ìlànà yẹn ni NFPA 13, òun ni Amẹ́ríkà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn ṣì ń lò títí dòní.

Ohun tí ìlànà yìí fi ṣe ìpìlẹ̀ ni pé kí omi dé gbogbo ilé, títí kan àlàfo tó pamọ́. Lẹ́yìn èyí ló wá ka àwọn àlàfo tí a lè yọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì so ìdí mọ́ ìkọ̀ọ̀kan wọn. Àlàfo tí wọ́n fi ohun tí kì í jóná kọ́, tí nǹkan tó lè jó kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí nínú rẹ̀, tí kò sì ní ẹnu tí èèyàn lè gbà kó ẹrù síbẹ̀, a lè yọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí síílìn ti lẹ̀ mọ́ igi àjà, tàbí tí àyè àárín wọn kò ju ínǹṣì mẹ́fà lọ, a lè yọ ọ́ sílẹ̀. Àlàfo tí wọ́n fi òwú tí kì í jóná dí pátápátá, a lè yọ ọ́ sílẹ̀, torí kò sí afẹ́fẹ́ tí iná yóò fi mí. Ihò páìpù tó ń lọ sókè, bí fífẹ̀ rẹ̀ kò bá tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá níbùú lóròó, a lè yọ ọ́ sílẹ̀, bí wọ́n bá ti dí i ní àjà kọ̀ọ̀kan kí iná má baà fi ṣe ihò èéfín.

Ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù, EN 12845, gba ọ̀nà tó rọrùn jù. Bí àlàfo òkè síílìn tàbí abẹ́ ilẹ̀ bá ga ju mítà 0.8 lọ, omi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí kò bá ga tó bẹ́ẹ̀, omi kò pọn dandan, àfi bí ohun tó lè jó bá wà nínú rẹ̀ tàbí tó bá jẹ́ òun ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ìlànà náà ka wáyà pàápàá: wáyà iná tí kò tó fóòlù 250 lè wà nínú àlàfo náà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju 15 lọ lórí àwo kọ̀ọ̀kan tí wọ́n tẹ́ wọn sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró lórí 15 yìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n parí ilé, wáyà 12 ló wà lórí àwo. Ayàwòrán ilé bu ọwọ́ lù ú, aṣojú ìjọba bu ọwọ́ lù ú, àlàfo kò nílò omi. Lẹ́yìn ọdún méjì, iléeṣẹ́ kan gba àjà kẹta, ó fa wáyà íntánẹ́ẹ̀tì. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi kámẹ́rà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ra ẹ̀rọ amúlétutù tuntun, wọ́n fa wáyà rẹ̀, wọn ò sì yọ ti àtijọ́ kúrò. Kò sẹ́ni tó ka wáyà mọ́. Ìwé tó wà nínú fáìlì ṣì ń sọ pé àlàfo náà kò nílò omi, bẹ́ẹ̀ ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ti yẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Ohun tí mo ní láti sọ kò ju èyí lọ: gbogbo àlàfo tí òfin bá yọ sílẹ̀, ìdí ló fi yọ ọ́. Bí ìdí yẹn bá yẹ̀, ìyọ̀ǹda náà yẹ̀, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kan ìwé. Àwa ń ka ìyọ̀ǹda náà sí ẹ̀tọ́ ayérayé, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ́ ni. Onílé jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé ibẹ̀ yóò máa wà bó ṣe wà. Púpọ̀ nínú àwọn onílé kò mọ̀ pé àwọn jẹ́ ẹ̀jẹ́ kankan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Düsseldorf ní Jámánì ni ẹ̀rí tó burú jù lọ tí mo mọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 1996, àwọn jórinjórin ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà ọkọ̀ tó gba orí ilé náà kọjá. Irin gbígbóná ń kán sísàlẹ̀, ó sì bọ́ sínú àlàfo tó wà lókè síílìn, níbi tí wọ́n ti fi fóòmù polystyrene ṣe ìdáàbòbò lọ́wọ́ òtútù àti ooru. Iná bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò rí i. Ohun tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ rí ni ẹ̀ta iná tó ń já bọ́ láti síílìn nítòsí ṣọ́ọ̀bù olódòdó kan. Awakọ̀ takisí kan ló pe àwọn aláṣẹ. Àwọn panápaná tó kọ́kọ́ débẹ̀ rò pé wáyà iná ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láìpẹ́, síílìn já, iná sì bo ibẹ̀. Èéfín dúdú rìn dé àwọn yàrá tó jìnnà sí ibi tí iná ti bẹ̀rẹ̀, ó bá àwọn kan nínú yàrá ìsinmi àwọn arìnrìn-àjò, ó bá àwọn mìíràn nínú ẹ̀rọ agbénisókè tó gbé wọn wọ inú èéfín. Èèyàn 17 ló kú. Omi kò sí nínú àlàfo náà, ohun tó ń jó bí epo bẹntiróòlù ló wà níbẹ̀.

Èyí tó kan ìdílé Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n ṣẹlẹ̀ ní London. Ẹni tó bá mọ Peckham àti Camberwell mọ̀ pé bí ẹ bá rìn ní òpópónà Rye Lane ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ óò gbọ́ Yorùbá ju Gẹ̀ẹ́sì lọ láwọn ṣọ́ọ̀bù kan. Púpọ̀ nínú àwọn èèyàn wa ló ń gbé ní àwọn ilé gíga tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ Southwark. Ọ̀kan nínú àwọn ilé wọ̀nyẹn ni Lakanal House, ilé alájà 14 tó ní fúláàtì 98. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 2009, tẹlifíṣọ̀n kan gbiná ní àjà kẹsàn-án. Bí wọ́n ṣe sọ fún àwọn ará ilé tẹ́lẹ̀ ni pé kí oníkálukú jókòó sínú fúláàtì rẹ̀, torí wọ́n kọ́ ilé náà kí iná fúláàtì kan má lè dé òmíràn. Àwọn tó pe panápaná lórí fóònù, ohun kan náà ni wọ́n sọ fún wọn. Obìnrin mẹ́ta àti ọmọdé mẹ́ta ló kú ní àjà kọkànlá, ọmọ ọwọ́ tí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ sì wà nínú wọn.

Ta ló sọ ìmọ̀ràn "ẹ jókòó" di ikú? Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ilé ẹjọ́ ní ọdún 2013 tọ́ka sí iṣẹ́ àtúnṣe tí wọ́n ti ṣe sí ilé náà. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1980 sí 1989, wọ́n yọ ohun tó ń dá iná dúró kúrò nínú àpótí pákó tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, láàárín fúláàtì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nínú iṣẹ́ ọdún 2006 sí 2007, wọ́n fi pánẹ́ẹ̀lì tí kò lè dúró lójú iná síta, lábẹ́ fèrèsé. Síílìn tí wọ́n so kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ní àlàfo lókè rẹ̀. Ìdáàbòbò tó mú kí "ẹ jókòó" jẹ́ ìmọ̀ràn rere ti tán, ìmọ̀ràn náà kò sì yí padà. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ wọ̀nyẹn kò gbèrò ibi. Fèrèsé ni wọ́n ń pààrọ̀, páìpù ni wọ́n ń fà. Ní oṣù Kejì ọdún 2017, ìjọba ìbílẹ̀ náà gbà pé òun jẹ̀bi níwájú ilé ẹjọ́, owó ìtanràn àti owó ẹjọ́ tí wọ́n dá lé e sì jẹ́ £570,000.

Frances Kirkham, adájọ́ tó bójú tó ìwádìí náà, kọ̀wé sí ìjọba ní ọdún 2013. Ó ní kí ìjọba gba àwọn tó ni ilé gíga níyànjú láti ronú nípa fífi ẹ̀rọ afọ́nmipaná sínú àwọn ilé tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn lẹ́tà yẹn ni iná Grenfell Tower ṣẹlẹ̀ ní London kan náà, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2017. Èèyàn 72 ló kú. Nínú fúláàtì kan ní àjà kẹrin ni iná ti bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ síta, ó sì bá àlàfo kan pàdé láàárín ògiri àtijọ́ àti ẹ̀wù tuntun tí wọ́n gbé wọ ilé náà. Àwọn ohun tó yẹ kó dí àlàfo náà kí iná má gbabẹ̀ kò sí láwọn ibì kan, wọn ò sì fi wọ́n síbẹ̀ dáadáa láwọn ibòmíràn. Ẹ̀wù náà fúnra rẹ̀ ń jó. Mi ò ní sọ pé omi inú fúláàtì nìkan ni ì bá dá irú iná bẹ́ẹ̀ dúró lára ògiri ìta. Ìdí rèé tí mo fi ń sọ pé ìdènà inú àlàfo àti omi, iṣẹ́ kan ni àwọn méjèèjì jọ pín ṣe, ọ̀kan kò sì lè rọ́pò èkejì.

Òfin ti yí padà díẹ̀. Láti ọdún 2007, ilé gbígbé tuntun tó bá ga ju mítà 30 lọ ní England gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ afọ́nmipaná. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, wọ́n fa ààlà náà wá sí mítà 11. Wales ti fi sí gbogbo ilé gbígbé tuntun láti ọdún 2016, Scotland sì fi sí gbogbo fúláàtì tuntun ní ọdún 2021. Èyí dára. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa ilé tuntun. Ilé àtijọ́ ni púpọ̀ nínú àwọn èèyàn wa ń gbé ní Peckham, ilé àtijọ́ sì ni ilé tí wọ́n ti tú palẹ̀, tí wọ́n tún dí, tí wọ́n tún tú, tí kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà lókè síílìn rẹ̀ mọ́.

Ó yẹ kí èyí rán wa létí ilé tiwa. Ẹ wo ilé oníyàrá tó kọjú síra wọn ní Mushin tàbí ní Òkè-Àdó ní Ìbàdàn. Ògiri tó pààlà yàrá sí yàrá kì í sábà dé abẹ́ páànù. Ibi tí síílìn wà ló dúró sí. Láti ibẹ̀ lọ sókè, yàrá mẹ́wàá tàbí méjìlá ní abẹ́ òrùlé kan ṣoṣo: igi gbígbẹ, òwú aláǹtakùn, eruku, àti wáyà gbogbo ayálégbé. Bí iná bá ṣẹ́ yọ lókè síílìn yàrá kìíní, kò nílò ilẹ̀kùn kó tó dé yàrá ìkẹwàá. Ìyẹn ló fà á tí àwọn aládùúgbò fi máa ń sọ pé iná náà "fò". Kò fò. Ọ̀nà tí káfíńtà ṣí sílẹ̀ fún un ló gbà. Láwọn ilé tuntun, síílìn PVC ló gbòde, oníṣẹ́ iná á sì gbé wáyà ẹ̀rọ ínfátà gba orí rẹ̀, á lọ́ ọ pọ̀, á fi téèpù dì í. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn ni àwọn àgbà wí, bẹ́ẹ̀ ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe lálaalẹ́ nìyẹn.

Ìwé òfin ilé kíkọ́ Nàìjíríà ti wà láti ọdún 2006. Mi ò ní bẹ onílé oníyàrá mẹ́wàá pé kó lọ ra ẹ̀rọ afọ́nmipaná, torí mo mọ iye tí táǹkì omi, pọ́ńpù àti páìpù irin ń náni, mo sì mọ bí iná mànàmáná wa ṣe rí. Ohun tí agbára rẹ̀ ká ni bíríkì. Kó ní kí bíríkìlà gbé ògiri tó wà láàárín yàrá méjì-méjì dé abẹ́ páànù, kó sì fi sìmẹ́ǹtì dí ojú ibi tí wáyà àti páìpù gbà kọjá.  Kó sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òkè síílìn ṣe ibi ìkó-páálí-sí.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ afọ́nmipaná kàn tààrà ni àwọn tó ni ilé ìtura, ilé ìwòsàn, ilé ìtajà alájà púpọ̀ àti ọ́fíìsì gíga ní Èkó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Cotonou. Bí ẹ bá ti fi owó ńlá ri páìpù sí síílìn, ẹ bi ẹni tó ṣe é ní ìbéèrè kan: ibo lẹ yọ sílẹ̀, kí ló sì dé? Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi hàn yín nínú àwòrán. Ẹni tó bá ní kò síbi tí òun yọ sílẹ̀, ẹ ní kó gbé àkàbà wá, kó ṣí síílìn kan, kẹ́ ẹ jọ wò ó.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn aláṣẹ fi sófin kò gba owó púpọ̀. Kí gbogbo àlàfo tí wọ́n bá yọ sílẹ̀ ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀: ibi tó wà, bó ṣe ga tó, ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, iye wáyà tó lè wà níbẹ̀, àti ìdí tí kò fi nílò omi. Kí wọ́n lẹ àkọsílẹ̀ náà mọ́ ẹnu ibi tí wọ́n ń gbà wọ àlàfo náà, kó má kàn wà nínú fáìlì nìkan. Oníṣẹ́ tó bá gbé àkàbà dé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, tó fẹ́ fa wáyà kan ṣoṣo, á kà á, á sì mọ̀ bóyá wáyà tirẹ̀ ni yóò ba ẹ̀jẹ́ náà jẹ́. Bí ó bá fà á bẹ́ẹ̀, kò ní lè sọ pé òun kò mọ̀, onílé tó gbà á síṣẹ́ náà kò sì ní lè sọ bẹ́ẹ̀.